Ehoro Tó Ń Kọrin

Bàbá Lẹ́tà ti gbé ìbọn lé èjìká, ó ti di ojú òsì, ìka rẹ̀ sì ti wà níbi tí wọ́n ti ń fà á, nígbà tí ehoro tó fẹ́ yìnbọn lù bẹ̀rẹ̀ sí kọrin.

Orin ìjọ ni, irú èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ẹni tó ń kọ ọ́ kò gbé e dé ibi tó yẹ. Ìka baba dúró gbọin. Ó rọra sọ ẹnu ìbọn kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún wò. Ohun tó dà bí eérú ṣì lóṣòó sábẹ́ igi kékeré ọ̀hún, etí méjì ṣì nà ṣóńṣó lórí rẹ̀. Baba rìn sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó kù bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni etí méjèèjì di etí ìborí tí wọ́n so ní kókó síwájú orí, tí eérú náà sì di búláòsì àtijọ́ tí aránṣọ ilé kejì máa ń wọ̀ bó bá ń lọ ká olú.

Baba kò pè é. Ó yí padà bí olè, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí kò sí ewé gbígbẹ, títí tí orin náà fi dọ̀nà jíjìn létí rẹ̀. Ó jókòó lórí igi wíwó kan, ó ṣí ìbọn ní àárín, ó yọ ọta kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀. Ó fi í sápò.

Ehoro tòótọ́ kan wà nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ló pa á, ní òdìkejì odò. Ẹran náà ṣàdédé fò sókè níwájú bàtà rẹ̀ ni, ó sì yìnbọn lù ú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ fún ara rẹ̀ pé ojú òun ò tíì bàjẹ́ tó bí òun ṣe rò. Ká ní ẹran yẹn jìnnà sí i díẹ̀ ni, kò bá má tilẹ̀ rí i.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni baba fi pín lẹ́tà káàkiri ìlú náà kó tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọgbà kan ṣoṣo ló pààlà ilé rẹ̀ àti ti aránṣọ. Láti ìgbà tí ọkọ obìnrin náà ti kú, kò sí ehoro tí baba pa tí itan ẹ̀yìn kan kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aránṣọ náà, ní tirẹ̀, kì í jẹ́ kí ṣòkòtò baba ya kọjá ọjọ́ kan.

Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń dúró dè é lẹ́yìnkùlé. Nọ́ọ̀sì ni, ó gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ láti wá wo baba rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ mà pẹ́ o."

"Mo jókòó díẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin? Ẹ jókòó nínú igbó?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ gbé e wá. Lónìí ni mo máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó o. Ẹ ti ń ṣèlérí ẹ̀ fún mi láti ìgbà tí mo wà níléèwé."

Baba fi okùn so ehoro náà kọ́ sára ìṣó tó wà lára ògiri, orí rẹ̀ kọ sísàlẹ̀. Ó fi ìka wá ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì fi ọ̀bẹ yí i po.

"Má tẹ̀ ẹ́ wọlé jù. Awọ nìkan la fẹ́ gé, kì í ṣe ẹran. Bó o bá ti gé e yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká, wàá gé e wá sáàárín itan, báyìí. Lẹ́yìn náà, wàá fà á wálẹ̀, bí ẹni ń bọ́ súwẹ́tà lọ́rùn ọmọ tó ti sùn lọ."

Awọ náà ń ṣí wálẹ̀ lódindi. Ọmọ rẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì dùn ún wò: kò yára, kò ṣìnà. Àfi ìgbà tó gbójú sókè. Baba kò wo ibi tó ń gé. Ọ̀nà ọgbà ilé kejì ló kọjú sí, bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan yọjú.

Nọ́ọ̀sì rọra fi ẹsẹ̀ ti báàfù tó wà lẹ́bàá baba sí apá òsì. Baba fa awọ náà yọ tán, ó nawọ́ síbi tí báàfù wà tẹ́lẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀. Orí iyẹ̀pẹ̀ ló bọ́ sí.

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà wo ni kí ni?"

"Ojú yín."

Baba nu ọ̀bẹ mọ́ itan ṣòkòtò. "Ó ń lọ bí ọdún kan. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń wo òde láti inú gíláàsì tí èéfín ti bò. Ohun tó bá sún mọ́ mi, mo ń rí i díẹ̀. Ohun tó bá jìnnà, mò ń méfò ni."

"Ẹ̀ ń méfò, ẹ sì ń gbé ìbọn jáde?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó na ọ̀bẹ sí ọmọ rẹ̀. "Wá tú inú rẹ̀," ó wí. "Rọra o. Òróòro wà lára ẹ̀dọ̀. Bó bá bẹ́, ẹran ti korò nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní lè jẹ ẹ́."

Ọmọ náà ṣe bó ṣe wí. Ó yọ òróòro láìbẹ́, ó fi omi ṣan ẹran náà títí omi fi mọ́, ó ń fi ìka wá àwọn ọta wẹ́wẹ́ tó há sínú iṣan èjìká, ó ń kó wọn sínú ìdérí ìgò. Wọ́n gé ẹran náà sí ọ̀nà mẹ́jọ, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀. Inú ń bí nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó dé ohùn rẹ̀, àfi ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà ló ń ró gbì gbì lórí pákó. Ó din ẹran títí ara rẹ̀ fi pọ́n, ó da àlùbọ́sà àti atalẹ̀ sí i, ó bu omi lé e, ó dé e, ó sì rẹ iná gáàsì sílẹ̀. Ehoro inú igbó kò dà bíi ti inú àgò, iná tí kò le ló máa ń mú ẹran rẹ̀ rọ̀.

Ìgbà tí òórùn dídùn ti gba gbogbo ilé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ pé, "Mo ti pe Màmá Aránṣọ. Mo ní kí wọ́n wá bá wa jẹun, dípò ká máa gbé itan kọjá lórí ọgbà."

Baba gbójú sókè. "Lónìí?"

"Ọ̀sán yìí. Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa," ni baba wí.

Aránṣọ dé pẹ̀lú abọ́ olú díndín lọ́wọ́. Ó kí baba, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì jókòó. "Èyí tí mo ká láàárọ̀ ni. Ọlọ́run sì ṣe é, olú ọ̀hún pọ̀ lọ́wọ́ yìí bí ẹni pé wọ́n gbìn ín."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Nọ́ọ̀sì bu pòtétò sí àwo, ó gbé itan sí ti aránṣọ. Obìnrin náà tọ́ ọbẹ̀ wò, ó di ojú. "Háà! Ta ló se èyí? Má lọ mọ́ o, nọ́ọ̀sì, fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ níbẹ̀." Ó yíjú sí baba. "Mo gbọ́ ìbọn yín láàárọ̀. Mo ní, ẹran ti dé nìyẹn. Ká ní ẹlòmíì ni, mi ò bá ti sá wálé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, mo kàn ń ká olú mi lọ."

Baba gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Ká ní ohun mìíràn ni obìnrin yìí sọ, bóyá ì bá gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mì pẹ̀lú oúnjẹ.

"Aránṣọ, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Mo gbé ìbọn sí ọ láàárọ̀ yìí."

"Ẹ gbé kí ni?"

"Mo rò pé ehoro ni ọ́. Ìborí rẹ ni mo rí bí etí. Ìka mi ti wà lára ìbọn, ó kù díẹ̀ kí n yìn ín, lo bá bẹ̀rẹ̀ orin."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Aránṣọ ń wo baba bí ẹni tó ń wọn aṣọ tí kò dá a lójú pé yóò tó.

"Ká ní mi ò kọrin ńkọ́?"

Baba ti àwo rẹ̀ síwájú. "Ojú mi ti lọ, mo sì mọ̀ pé ó ti lọ. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Mo mọ̀."

Obìnrin náà dìde. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fọ ọwọ́ nínú abọ́ omi, ó nu ún gbẹ ní ìka kọ̀ọ̀kan. "Nọ́ọ̀sì, o ṣeun, ọbẹ̀ dùn." Ó sì bá ẹnu ọ̀nà lọ. Kò kí baba pé ó dàbọ̀. Láti ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti jẹ́ aládùúgbò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ẹ ò bá tètè sọ fún mi," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Òun ló tọ́ kó kọ́kọ́ gbọ́."

Baba wọ yàrá, ó gbé ìbọn jáde pẹ̀lú páálí ọta àti ìwé àṣẹ rẹ̀, ó tò wọ́n sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. "Bó bá di ọ̀la, bá mi kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí wọ́n gbà á, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú tí ò ń sọ."

"Mi ò tíì sọ ọ́, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé wàá sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, bí omijé tilẹ̀ wà lójú rẹ̀. Baba fi ọwọ́ wá àwo aránṣọ lórí tábìlì, ó fi àwo mìíràn dé e. Ọmọ rẹ̀ nawọ́ láti gbà á.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n gbé e lọ fúnra mi."

Oòrùn ṣì mú lójú títì. Baba fi ọwọ́ kan tọ ara ọgbà lọ, ó di àwo mú mọ́ àyà pẹ̀lú èkejì. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré nínú ilé, kò sì dákẹ́ títí tó fi kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kẹta. Ilẹ̀kùn ṣí. Ojú obìnrin náà kò hàn sí i dáadáa, nítorí náà kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"O ò jẹun tán," ó wí. "Mo ti ní kí wọ́n kó ìbọn lọ. Kì í ṣe torí kó o lè dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ ni."

Ọwọ́ kan gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà bó ṣe ń padà lọ sínú ilé, ó sì dúró kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn ò tì í. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé fìlà rẹ̀ dání, kò mọ̀ bóyá kí òun máa lọ.

"Àga wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín," ni aránṣọ sọ láti inú lọ́hùn-ún. "Ẹ rọra o, aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀."