Ojú Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà Dúdú

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń po ọ̀dà fún tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọ ọmọ mi wà níbẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ là ń pè é, torí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ìyá ẹ̀, ọmọ tí mo bí, ti lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìnyín látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì. Ọdún kẹrin rèé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò gbé fídíò, ohùn nìkan là ń gbọ́.

Tíṣà ní kí wọ́n ṣe àwòrán ilẹ̀ yìnyín. Wọ́n á fi kíréyọ̀nù aláwọ̀ oríṣiríṣi kun bébà kó ki, èmi á fi ọ̀dà dúdú tí mo po mọ́ ọṣẹ bò ó. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi igi ìtayín họ ọ́, òkè yìnyín á wá máa yọ láwọ̀ láwọ̀.

Mo ń kun ún lọ bí ẹni ń kun ògiri. Bí mo ṣe kun ti Ẹlẹ́jọ́ tán, ló bá dákẹ́. Tí ọmọ yẹn bá dákẹ́, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ ti bo mọ́mì mi mọ́lẹ̀."

Àṣé kò kun àwọ̀ lásán, ìyá ẹ̀ ló yà síbẹ̀, tó fẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí i.

Tíṣà ní, "Wọ́n ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ wá wọn."

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yìí ṣì rántí ojú ìyá ẹ̀, mi ò kàn lè bi í.

À ń họ ọ́. Bàtà yọ, kóòtù pupa yọ.

Ẹlẹ́jọ́ ní, "Ẹ rọra, ẹ ó họ imú wọn dànù."

"Imú ìdílé wa? Ta ló lè họ ìyẹn tán?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ojú wá yọ. Awò ojú mi ló wà níbẹ̀, tòun ti òwú tí mo fi so ó lápá kan. Ọmọ tí mo bí ò lo awò rí.

"Ṣé ó jọ wọ́n?"

Mo ní, "Ó jọ wọ́n gan-an."

Mo fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá ẹ̀ pè.

"Màámi, ẹ̀yin rèé."

Mo ní, "Ìwọ ni. Wá sílé, kí ọmọ ẹ lè tún un yà."

Atẹ́gùn ibẹ̀ ni mò ń gbọ́.