Okùn Mirko

Gbogbo ẹni tó ń wa òkúta olówó iyebíye ní Coober Pedy, ìlú kan ní Australia, ni Zorka ti yà ní fọ́tò tán, kálukú lórí òkìtì erùpẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hú jáde. Ó wá ku bàbá rẹ̀ nìkan. Bàbá sì yarí kanlẹ̀!

"Ihò ni mo fi gbogbo ayé mi gbẹ́," ni Mirko wí nídìí kọfí rẹ̀. "Ta ló fẹ́ wo ihò? Kí wọ́n wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Bàbá, ọ̀tunla la máa gbé àwọn fọ́tò náà kọ́ níbi ìpàtẹ. Ẹ jọ̀ọ́!"

"Mi ò yà á!"

Ó dun Zorka wọra. Kó ya gbogbo ìlú tán, kó má ya ẹni tó bí i lọ́mọ? Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ tìbínútìbínú, ó ní òun á kúkú lọ ya ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́.

Ni Mirko bá mú okùn, ó tẹ̀ lé e. Ọmọ Coober Pedy kì í tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ dáadáa tí wọ́n á ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn rìn ní pápá yẹn, torí kòtò ló kún ibẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò ńkọ́? Ẹ̀yìn ló ń fi rìn ṣáá!

Ó so okùn mọ́ ọmọ rẹ̀ níbàdí, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú.

"Bàbá, ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

"Ewúrẹ́ gbọ́n jù ẹ́ lọ. Òun máa ń wẹ̀yìn. Ó tó! Dúró ńbẹ̀!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Zorka. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn wọn. Ìgbà yẹn ló rí òjìji bàbá rẹ̀ tó nà gbọọrọ lórí òkìtì funfun níwájú. Ó panu mọ́, ó tẹ kámẹ́rà.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, Stipe, ọ̀rẹ́ Mirko tí wọ́n jọ ń gbẹ́lẹ̀, figbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Mirko rèé!"

"Irọ́ ni! Mi ò ya fọ́tò kankan." Mirko sún àwọn èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjìji rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, tòun ti fìlà, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó fọwọ́ méjèèjì di okùn mú.

Zorka sáré wá. "Ẹ má bínú, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́."

Omi lé ròrò lójú Mirko. Ó fa Stipe lápá.

"Wo bí mo ṣe dì í mú! Ṣé ó lè bọ́?"

Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láìwo okùn yẹn.