Kòtò Ìjókòó Namfamo

Saturu tún ti ń sún mọ́ mi. Ìjókòó olókùúta àwa àlùfáà tẹ̀ bí òṣùpá tí kò tíì kún, kò sí bí mo ṣe lè fà sẹ́yìn kí itan rẹ̀ má kan tèmi. Òróró ólífì ń dán létè Saturu. Ó jẹun kó tó wá síbi àsè Olúwa. Ọwọ́ tó fi jẹun... ọwọ́ yẹn ló gbé ìwé Ìhìnrere lé àwọn ọmọ ogun ọba lọ́wọ́, tí wọ́n fi dáná ní gbàgede ọjà. Mo rí i. Ẹ̀yìn òpó ni mo wà.

Kí ló dé tí n kò wí i? Bíṣọ́ọ̀bù bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan, yíká ìjókòó, ta ló gbé ìwé náà fún wọn. Saturu ní Namfamo, àgbà jù lọ nínú àwa àlùfáà, ni; àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ó kàn mí. *N kò sí nílé lọ́jọ́ náà, Baba.* Irọ́ kékeré — kò kúkú dárúkọ ẹnikẹ́ni...

Wọ́n bọ́ aṣọ àlùfáà lọ́rùn bàbá arúgbó náà. Kò jà. Ó kàn yíjú sí mi. *Fi aṣọ tẹ́ ìjókòó mi, Rogatu ọmọ mi. Òkúta yẹn máa ń tutù láàárọ̀.*

*Ẹ sún sókè,* ni bíṣọ́ọ̀bù wí. Mo sún. Ọgbọ̀n ọdún ni ìdí Namfamo fi gbẹ́ kòtò yìí sára òkúta, ó sì gbà mí rẹ́gí. Ó ń rí mi lára.

Namfamo nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, láìwọ bàtà, láàárín àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń tọrọ ìdáríjì. Kí n dìde báyìí? Gbólóhùn kan péré ni... Rárá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu ko ara wa lẹ́nu fún àlàáfíà, bí a ti máa ń ṣe ṣáájú àsè. Bí Saturu bá ti fẹnu kò mí lẹ́nu, màá nu ẹnu mi lójú gbogbo wọn. Ibí yìí kò fi ojú ẹnikẹ́ni pa mọ́. Wọn á rí i, Namfamo náà á rí i. Ìyẹn náà, ẹ̀rí ni. Àbí kò tó?

Ó kọjú sí mi. Ètè rẹ̀ gbóná, ó ń yọ̀. Mo gbọ́wọ́ sókè —

Ó ti nu ẹnu tirẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú etí aṣọ funfun rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó ṣèèṣì mu omi ìdọ̀tí.

Saturu ti rí mi lẹ́yìn òpó. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé mo rí òun... tí ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Irọ́ mi ló ń nù kúrò lẹ́nu.

Mo rọra sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Òkúta náà kò tutù mọ́ lábẹ́ mi.