Bọ́ọ̀sì Aago Méjìlá

“Má tẹ̀lé mi o,” ni Akọrin wí.

Kò gbójú sókè. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ó ń fi ìkánjú so okùn bàtà, okùn náà sì tú lẹ́ẹ̀mejì. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún dé ẹnu. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bó ṣe ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò de táì, báàjì dúdú tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí kò sì sí láyà rẹ̀ mọ́.

Jẹ́jẹ́ dúró láàárín yàrá, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Níbo lò ń lọ?”

“Ibi tí mò ń lọ ni mò ń lọ.”

“A ní àdéhùn láti kọ́ télọ̀ yẹn lẹ́kọ̀ọ́ láago mọ́kànlá.”

“Lọ bá a. Sọ fún un pé ara mi ò yá.”

“Mi ò lè dá lọ. O mọ̀ pé mi ò lè dá lọ.”

“Ìṣòro tìẹ nìyẹn.” Akọrin dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Jẹ́jẹ́ ju búrọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì. Kò ráyè ìbọ̀sẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó mú fóònù kékeré tí ìjọ fún àwọn méjèèjì, ó sì sáré tẹ̀ lé e.

Ìyá onílé wà nísàlẹ̀, ó ń nu fèrèsé. Òun ló sọ wọ́n lórúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé, ó ka báàjì àyà wọn, ó rí i pé “Alàgbà” ni wọ́n kọ ṣáájú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Alàgbà wo ni kò tíì hu irùngbọ̀n? Ó ní òun tí òun ti rí ọmọ-ọmọ, òun ò ní máa pe ọmọ ogún ọdún ní alàgbà nínú ilé tí òun fi owó ara òun kọ́. Èyí tó máa ń kọrin ní balùwẹ̀, ó sọ ọ́ ní Akọrin. Èyí tí ènìyàn kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Orúkọ náà mọ́ wọn lára débi pé àwọn fúnra wọn náà fi ń pe ara wọn.

“Akọrin, ìrìn àjò ni?”

“Ẹ káàárọ̀ mà,” ni Akọrin dáhùn. Kò dúró.

“Jẹ́jẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ẹ dà?”

“À ń bọ̀ mà,” ni Jẹ́jẹ́ wí. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé òun kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Oṣù kẹrìnlá rèé tí Jẹ́jẹ́ ti wà ní ìlú òkèèrè yìí. Akọrin ò tíì ju oṣù márùn-ún lọ. Ọdún méjì ni kálukú wọn ti gbà láti fi ṣe míṣọ́nnárì fún ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì: kí wọ́n jí láago mẹ́fà ààbọ̀, kí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n jáde, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn, kí onílé ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, kí wọ́n tún kan òmíràn. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìsinmi wọn, ọjọ́ náà ni wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n sì ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. Yàtọ̀ sí balùwẹ̀, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹnì kejì. Ní oṣù mẹ́rìnlá, Jẹ́jẹ́ kò rú òfin yìí rí.

Ó bá Akọrin níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì.

“Mo ní kó o má tẹ̀lé mi.”

“Mo gbọ́.”

“Kí lo wá ń ṣe?”

“Mò ń tẹ̀ lé ẹ.”

Akọrin fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Wọ́n kọjá níwájú ilé ìkówèépamọ́, wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ náà, tí wọ́n máa ń kí láràárọ̀ juwọ́ sí wọn láti inú ṣọ́ọ̀bù náà; Jẹ́jẹ́ nìkan ló juwọ́ padà.

“Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà ní ìlú ńlá kan ní orílẹ̀-èdè yìí,” ni Akọrin wí nígbà tó yá. “Ilé ìkẹ́rùsí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa di ẹrù. Bọ́ọ̀sì aago méjìlá ni mo fẹ́ wọ̀.”

“Ìwé ìgbélùú ẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ìjọ ni wọ́n fi fún ẹ níwèé. Lọ́jọ́ tó o bá sá kúrò níbẹ̀, o ti di arúfin nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Wọ́n lè mú ẹ lójú títì.”

“Mo ní mo mọ̀!”

Obìnrin kan tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ yà fún wọn. Jẹ́jẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún yára bá Akọrin.

Ibùdókọ̀ náà kún. Akọrin ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì onírin kan. Jẹ́jẹ́ jókòó tì í. Aago ara ògiri sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì. Fóònù gbọ̀n nínú àpò Jẹ́jẹ́: télọ̀ ni. Kò gbé e. Ó ń wo orúkọ náà títí ó fi kú lójú fóònù.

“Tó o bá pe Ààrẹ,” ni Akọrin wí, “kó tó dé ibí, màá ti lọ.”

Ààrẹ míṣọ́n ni ọ̀gá gbogbo àwọn míṣọ́nnárì agbègbè náà. Ó yẹ kí Jẹ́jẹ́ ti pè é kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ohun tí òfin wí nìyẹn. Ó di fóònù mú, kò tẹ nọ́ńbà kankan.

“Mo ti rí báàgì yẹn láti ọjọ́ Àìkú,” ló bá sọ.

Akọrin yíjú sí i.

“Áyọ́ọ̀nù ni mò ń wá. Mo rí i pé o ti di gbogbo aṣọ ẹ. Mo tì í padà.”

“O ò sì bi mí?”

“Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé tí mo bá bi ẹ́, o máa sọ fún mi, èmi náà á sì ní láti ṣe nǹkan kan. Mo wá ń gbàdúrà kó o tú aṣọ ẹ sílẹ̀. Mo kàn ń gbàdúrà ṣáá. Mi ò bi ẹ́.”

Akọrin ń fi ìka ká etí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

“Ṣó o rántí nọ́ọ̀sì yẹn?” ló wí níkẹyìn. “Èyí tí ọmọ rẹ̀ kú?”

“Mo rántí.”

“Èmi ló kọjú sí. Ó ní, ‘Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo máa rí ọmọ mi padà?’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo mọ̀ ọ́n dájú. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún.” Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. “Mi ò mọ̀ ọ́n dájú, Jẹ́jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo kà jáde. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti la ẹnu níwájú ènìyàn, ara mi á máa rí bíi ti olè.”

Ìgbà yẹn ni Jẹ́jẹ́ wá rò ó pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti gbọ́ orin kẹ́yìn ní balùwẹ̀.

“Èmi náà,” ló wí, ọ̀rọ̀ náà sì ṣòro fún un ju bó ṣe rò lọ, “ọjọ́ míì wà tí mi ò mọ̀ ọ́n dájú.”

“Ìwọ?”

“Èmi.”

“O ò sì sọ ọ́ rí.”

“Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?”

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde bọ́ọ̀sì kan tí kì í ṣe tiwọn.

“Tí o ò bá fẹ́ ṣe é mọ́, ilé ni kó o lọ,” ni Jẹ́jẹ́ wí. “Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ, wọn ò ní lù ẹ́.”

“O ò mọ bàbá mi. Bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n. Gbogbo ìjọ ló sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú, wọ́n fi fótò mi sára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ míṣọ́n ṣáájú mi, oṣù kẹta ló padà. Bàbá mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù méje. Oṣù méje, Jẹ́jẹ́! Nínú ilé kan náà! Kàkà kí n lọ jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ yẹn, kí ilẹ̀ ibí gbé mi mì.”

“Pe ẹ̀gbọ́n ẹ.”

“Kí ni mo fẹ́ sọ?”

“Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa, òun nìkan ló ti ṣe é rí.” Ó na fóònù sí i. “Pè é. Tó o bá sọ̀rọ̀ tán tó o ṣì fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, mi ò ní dì ẹ́ mú.”

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Akọrin wo fóònù náà pẹ́. Nígbà tó tẹ nọ́ńbà náà, ó tẹ sípíkà fóònù náà nítorí ariwo, Jẹ́jẹ́ náà sì ń gbọ́.

“Ta ló kú?” ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lònìí, ọjọ́ Ajé lẹ máa ń pè. Ta ló kú?”

“Ẹnikẹ́ni ò kú, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni. Mi ò lè ṣe é mọ́.”

“Níbo lo wà?”

“Ibùdókọ̀. Mo fẹ́ lọ bá ọmọ àbúrò màmá wa. Mi ò ní padà wálé.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ohun tí ojú yín rí. Bàbá á ní kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ na iyọ̀ sí àwọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn gan-an lẹ jókòó sí!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Iyọ̀ yẹn! Ó kù díẹ̀ kí n máa bá iyọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.” Ẹ̀rín náà tán. “Gbọ́ mi. Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé ó rọrùn. Ó le. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí o ò mọ̀, nítorí ìwọ ti máa ń sùn. Lálaalẹ́, ní gbogbo oṣù méje yẹn, kí Bàbá tó lọ sùn, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn yàrá mi. Wọ́n á wò mí. Wọn ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á tún rọra tì í. Wọn ò fò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú ń bí wọn, inú ń bí wọn gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí mo wà. Tó o bá wọ bọ́ọ̀sì yẹn, ilẹ̀kùn wo lo fẹ́ kí wọ́n ṣí?”

Akọrin fi ọwọ́ bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì.

“O wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbí.”

“Tó o bá ń bọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bá sì wá pàdé ẹ, èmi á wá. Èmi nìkan náà á kún pápákọ̀ yẹn.”

Awakọ̀ ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn èrò ń gun bọ́ọ̀sì níkọ̀ọ̀kan. Akọrin dá fóònù padà fún Jẹ́jẹ́, ó nu ojú, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ tò sẹ́yìn wọn. Jẹ́jẹ́ dìde, ó tún jókòó, nítorí ó ti ṣèlérí pé òun kò ní dì í mú. Ó di etí bẹ́ǹṣì mú dípò rẹ̀.

“Ìjókòó kẹtàdínlógún!” ni awakọ̀ kígbe. “Ta ló ni kẹtàdínlógún? Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ ń gòkè àbí ẹ̀ ń ronú?”

“Ẹ máa lọ,” ni Akọrin wí. “Ẹ fún ẹlòmíràn.”

Ó dúró síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì náà fi yọ ìdí jáde, tó sì yí sójú títì. Nígbà náà ló padà wá sórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó bí ẹni tó ti ibi tó jìnnà bọ̀.

“Pè é,” ló wí.

Jẹ́jẹ́ pe Ààrẹ. Láàárín wákàtí kan, Ààrẹ fúnra rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé wọn. Oníṣègùn eyín ni tẹ́lẹ̀ kó tó wá ṣe iṣẹ́ ìjọ, ẹnu ènìyàn ló sì ṣì máa ń wò bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Akọrin, títí kan ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ sọ tirẹ̀, pé láti ọjọ́ Àìkú ni òun ti mọ̀, Ààrẹ mí kanlẹ̀.

“Ó yẹ kó o ti pè mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“A máa sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, èmi àti ìwọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ní ọ́fíìsì, Ààrẹ jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó ṣí fáìlì Akọrin, ó sì fa tẹlifóònù mọ́ra. “Èmi ni mo máa ń pe àwọn òbí,” ló wí. “Bó ṣe rí nìyẹn. Màá ṣàlàyé fún bàbá ẹ. Ìwọ lọ sinmi.”

Akọrin ti fẹ́ dìde. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ara tù ú, ó sì tún fi hàn pé ojú ń tì í.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ààrẹ gbójú sókè. Ní oṣù mẹ́rìnlá, kò tíì gbọ́ kí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rí láìjẹ́ pé wọ́n bi í.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pè wọ́n. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pè, ẹ̀yin ni wọ́n á bá sọ̀rọ̀. Wọ́n lè má bá a sọ̀rọ̀ rárá.”

Ààrẹ wo Jẹ́jẹ́, ó wo Akọrin. Ó rọra yí tẹlifóònù náà títí tó fi kọjú sí òdìkejì tábìlì.

Akọrin ṣi nọ́ńbà náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un tẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

“Bàbá, ẹ káàsán sà. Èmi ni.” Ó mí sínú. “Mò ń bọ̀ nílé. Kì í ṣe àìsàn. Wọn ò lé mi. Èmi ni mo ní mi ò lè ṣe é mọ́. Màá ṣàlàyé fún yín tí mo bá dé, gbogbo rẹ̀.”

Yàrá náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Jẹ́jẹ́ fi ń gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń mí lójú òpó, ní ọ̀nà jíjìn réré. Ó mí báyìí fún ìgbà pípẹ́.

“Ọjọ́ wo?” ni ohùn náà bèèrè.

Ààrẹ wo kàlẹ́ńdà, ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó tì í sí Akọrin.

“Ọjọ́bọ̀, sà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.”

“Mo gbọ́.”

Bàbá náà kò sọ nǹkan mìíràn, kò sì pa fóònù. Akọrin pẹ̀lú kò pa á. Ó gbé e mọ́ etí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Jẹ́jẹ́ ṣẹ́jú sí Ààrẹ, àwọn méjèèjì sì dìde, wọ́n fi yàrá náà sílẹ̀ fún un.