Ẹyẹ Ọlọ́yin Nínú Gíláàsì

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bó awọ ẹyẹ ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nairobi. Mo ń fi òwú kún wọn, mo ń rán wọn, wọ́n ń gbé wọn lọ, n kò sì rí wọn mọ́. Gbọ̀ngàn iwájú wà fún òyìnbó nìkan, bẹ́ẹ̀ owó orí gbogbo wa ni ìjọba fi ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣí i fún gbogbo ènìyàn, oṣù kan péré ni wọ́n ní àwọn yóò fi dán an wò. Bí a bá dá rúgúdù sílẹ̀, wọn yóò tún ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Bàbá mi, Ndeti, wọ bọ́ọ̀sì wá láti Machakos. Ọlọ́yin ni, inú igbó ló ti ń wá oyin. Mo kìlọ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, Bàbá. Ẹ má pariwo.”

“Ṣé òkú ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀?”

“Òkú ẹyẹ ni.”

“Kí ni mo fẹ́ bá òkú ẹyẹ jà sí?”

A wọlé. Bàbá ṣí fìlà. Ẹyẹ bo ògiri méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dókè. Idì na ìyẹ́, òwìwí lajú. Ẹsẹ̀ èmi tí mo rán wọn kò gbéra. Mo mọ inú wọn. N kò mọ̀ pé wọ́n lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ ìfé. Bàbá ti dúró níwájú ẹyẹ kékeré aláwọ̀ eérú kan, èyí tí ń mú àwa ẹ̀yà Kamba dé ìdí oyin. Ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ súfèé sí i kí ó lè ṣáájú rẹ̀ lọ síbẹ̀. Bàbá mọ̀ pé ó ti kú. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀. Ó tún súfèé.

Obìnrin òyìnbó kan fìbínú lọ bá ọ̀gá mi tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà. “Ẹ lé wọn jáde. Ṣé ọjà nìyí?”

Ọ̀gá wò mí. “Kimeu, kí ni bàbá rẹ ń ṣe?”

“Ó ń kí ẹyẹ ni, ọ̀gá. Ẹ kọ ọ́ sára gíláàsì pé ó ń ṣamọ̀nà ènìyàn. Ènìyàn tí ẹyẹ náà ń ṣamọ̀nà fún nìyí.”

Ọ̀gá ka ìwé ara gíláàsì náà.

“Èyí kì í ṣe rúgúdù,” ló sọ fún obìnrin náà.

Obìnrin náà yí padà, ó jáde.

“Ṣé ó ti ń lọ ni?” Bàbá bi mí. “Kò tíì wo apá ọ̀hún.”

Ó sì mú mi lọ́wọ́ síbẹ̀.