Ọ̀rá Orí Omi Ọyàn

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ọmọ-ọmọ Ìyá Aránṣọ ti wà nínú àpótí gíláàsì nílé ìwòsàn, tí ìwọ̀n rẹ̀ ò sì gòkè. Oṣù méje péré ló lò nínú ìyá rẹ̀ kó tó já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Bí nọ́ọ̀sì bá ti gbé e lé òṣùwọ̀n, àyà ìyá àgbà á já, torí dókítà ti ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ọmọ náà wà nínú ewu.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá ìkókó náà, ò tíì lè dìde lórí ibùsùn. Òun ló ń fún omi ọyàn sínú ìgò, ìyá rẹ̀ ló ń gbé e láti inú fíríìjì lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n ti ń mú omi ọyàn lọ́wọ́ọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti ń fi ṣíbí ha gbogbo ọ̀rá tó léfòó dànù. Ẹ má tíì bínú sí i o. Ọ̀rá tó dí iṣan ọkàn ni wọ́n ní ó pa ọkọ rẹ̀, látìgbà náà ló ti kórìíra ọ̀rá bí ẹni kórìíra olè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, nọ́ọ̀sì ká a mọ́ ìdí ìgò.

"Mà, kí lẹ̀ ń dà nù yẹn?"

"Ọ̀rá ni, ọmọ mi. Kó má lọ pa á bó ṣe pa bàbá ìyá ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fa àga fún un. "Ọ̀rá ò dọ́gba, Mà. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń ha yìí lara ọmọ ń jó bí epo, kó lè móoru, kó sì sanra. Òmíràn ló fi ń ṣe awọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀, ó sì wà nínú ọpọlọ rẹpẹtẹ. Kolẹ́sítérọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń bú gan-an, ara ò lè ṣe kó má lò ó. Tó bá pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ àgbà ló ń dí iṣan. Ẹ kàn máa mi ìgò náà jẹ́jẹ́ kó pò pọ̀."

Ìyá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé èmi ni mò ń febi pa á ni?"

"Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, Mà. A ti mọ̀ báyìí."

Nọ́ọ̀sì ò pariwo, kò pe ẹnikẹ́ni wá wòran. Ìyá dúpẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lọ jẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀, tomijé tomijé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ rẹ̀ obìnrin fi kọjú sí ògiri, nọ́ọ̀sì ló ń gbé ìgò.

Lọ́jọ́ kẹrin, òṣùwọ̀n gòkè. Ìyá Aránṣọ dì mọ́ nọ́ọ̀sì, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ọmọ rẹ̀ ti fún omi ọyàn tuntun. Ó na ìgò náà sí i.

"Mọ́mì, ẹ bá mi gbé e lọ."