Ohùn Kan fún Ẹ́ńjìnnì Méjì

Ní Ṣómólú, bí ẹ bá rí sítíkà tí ìrù lẹ́tà g rẹ̀ ká bí ìwọ̀ apẹja, èmi Modinat ni mo fi ọ̀bẹ gé e. Ọwọ́ yẹn ti wá ń gbọ̀n báyìí. Bí ẹ̀rọ tí Rebecca ọmọ iṣẹ́ mi ń kàn fún mi kò bá lè gé lẹ́tà, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa ni, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ọmọ apẹja ni Rebecca, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni ilé wọn. Kì í pariwo; èmi ni mo máa ń pa á fún àwa méjèèjì. Inú àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú ló ti yọ ẹ́ńjìnnì kéékèèké mẹ́ta. Wọn kì í yí fìrì bíi fáànù. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rìn, wọ́n á sì dúró síbi tí a bá ní kí wọ́n dúró. Ọ̀kan ń fa ọ̀bẹ sọ́tùn-ún sósì. Méjì yòókù di ọ̀pá tó gbé ọ̀bẹ náà mú lápá méjèèjì, wọ́n ń tì í síwá sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀dù kékeré tó ń pàṣẹ fún un.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún á ṣíwájú, ti òsì á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀pá á wọ́, sítíkà á ya.

Mo ní, "Ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún. Àwọn tìẹ yìí, ṣé tọkọtaya tó ń jà ni?"

Rebecca rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Rebecca kò wulẹ̀ pa súìṣì. Iná tí kò sí, ta ló tún ń pa á? Ó yọ wáyà ẹ́ńjìnnì kan kó lè wò ó dáadáa. Bó ṣe ń kì í padà ni iná dé. Bọ́ọ̀dù ẹ́ńjìnnì náà rú èéfín, ó kú.

Bọ́ọ̀dù mìíràn kò sí nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ wá wo iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sì fi ìbínú bò ó.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," Rebecca ní. Ó ń wo bọ́ọ̀dù méjì tó kù. "Tí bàbá mi bá ń fa àwọ̀n, ẹnì kan ló máa ń ké, gbogbo ọwọ́ á sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ti ń fi ẹni méjì ké sí wọn."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó pa súìṣì. Ó so ẹ́ńjìnnì ọ̀pá méjèèjì mọ́ bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ó yí wáyà ọ̀kan padà nítorí pé wọ́n kọjú síra wọn, ó sì fi kún agbára bọ́ọ̀dù náà kó lè tó àwọn méjèèjì.

Ọ̀pá rìn. Ó rọra rìn, ṣùgbọ́n ó rìn gbọọrọ, kò wọ́ rárá. Mo yìn ín títí ojú fi ń tì í. Ọmọ tó pàdánù nǹkan, tó fi àdánù náà tún iṣẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí n yìn ín.

Ó tẹ́ sítíkà sílẹ̀. Ọ̀bẹ ń gé "Bàrígà" díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan g, ó yí ìrù rẹ̀ ká bí ìwọ̀ apẹja.

"Sítíkà yín àtijọ́ wà lára ọkọ̀ ojú omi bàbá mi," Rebecca ní. "Ibẹ̀ ni mo ti da lẹ́tà yẹn kọ sínú ẹ̀rọ, mà."

Mo gbé ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n lé orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń gé ohun tí ọwọ́ náà mọ̀, mo sì sunkún. Nígbà tí oníbàárà dé, ó wo ìrù g náà, ó ní, "Àǹtí Modinat, ọwọ́ yín ti yá nìyẹn."